Olóòtú Ló Kù: Ohun tí Wọlé Tàlàbí Lè Kọ́ Ṣómólú àti Bàrígà

Bí o bá fẹ́ tẹ̀wé l'Ékòó, tí o béèrè ibi tó yẹ kí o lọ, Ṣómólú ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ fún ọ. Kàlẹ́ńdà ni o, ìwé ìpè ìgbéyàwó ni o, ìwé ètò ìsìnkú ni o, pósítà olóṣèlú ni o, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀. Tí o bá gba Bàrígà kọjá, o ti dé Àkọkà nìyẹn, níbi tí Yunifásítì Èkó wà pẹ̀lú àwọn onímọ̀ físíìsì, kẹ́mísírì àti kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wà, ọ̀dọ́ tó ní ìtàn lẹ́nu sì pọ̀ bí eṣú. Kí ló wá dé tó fi ṣòro kéèyàn rí ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì lédè Yorùbá rà níbẹ̀?

Àwọn kan á ní òǹkọ̀wé ni ò sí. Èmi ò gbà. Lójú tèmi o, olóòtú la ò ní. Kí ohun tí mò ń sọ lè yé wa, ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ ẹnì kan tó jẹ́ òǹkọ̀wé àti olóòtú pọ̀: Wọlé Tàlàbí.

Ẹnjinníà tó ń kọ̀tàn

Ọmọ Nàìjíríà ni Tàlàbí. Iṣẹ́ ẹnjinníà ló ń ṣe. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Malaysia, kó tó kọjá sí Australia. Ní 2017, ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà kan tó ti pẹ́ gan-an, *The Magazine of Fantasy & Science Fiction*, gbé ìtàn rẹ̀ "The Regression Test" jáde. Èkó ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní kí ìyá àgbà kan wá bá ẹ̀rọ kan sọ̀rọ̀. Ìrònú ìyá tó bí i, tó ti kú, ni wọ́n kó sínú ẹ̀rọ yẹn. Ṣé bí ìyá rẹ̀ ì bá ṣe ronú ni ẹ̀rọ náà ṣì ń ronú, àbí ó ti yà kúrò lójú ọ̀nà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ software, ẹ mọ orúkọ ìtàn yẹn dáadáa. Tí o bá tún nǹkan ṣe nínú ètò kọ̀ǹpútà, o gbọ́dọ̀ padà yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ò tíì bàjẹ́. Àyẹ̀wò lásán tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ ni. Tàlàbí wá fi béèrè ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀: tí èèyàn bá ti di dátà, kí la máa fi mọ̀ pé òun náà ṣì ni? Ìtàn yẹn gba àmì ẹ̀yẹ Nommo ní 2018.

Ní 2022, ó kọ "A Dream of Electric Mothers". Nínú rẹ̀, ilẹ̀ Yorùbá ni orílẹ̀-èdè tirẹ̀, àwọn mínísítà sì máa ń lọ gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà tó kó ìrántí àwọn baba ńlá àti ìyá ńlá wa jọ. Pé ará ọ̀run ń gba alààyè nímọ̀ràn kì í ṣe tuntun sí wa, àbí? Ibi tí wọ́n kó ìrántí náà sí ló yí padà. Ìtàn yìí wà lára àwọn tó dé ìpele àṣekágbá fún àmì ẹ̀yẹ Nebula àti Hugo. Ọdún 2023 ni ìwé ńlá rẹ̀, *Shigidi and the Brass Head of Obalufon*, jáde. Níbẹ̀, àwọn òrìṣà ti di òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnnì, Ṣìgìdì sì fẹ́ lọ jí orí idẹ Ọbalùfọ̀n nínú British Museum ní London.

Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í pàtẹ́wọ́ fún

Àmọ́ ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ní 2016, ó ṣe olóòtú *Lights Out: Resurrection*. Ní 2020, ó ṣa ìtàn mẹ́jọ jọ láti ọwọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà, ó pè é ní *Africanfuturism*, Brittle Paper sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ó tún ń kó àkọsílẹ̀ àwọn ìtàn irú èyí tí àwọn ọmọ Áfíríkà ti kọ jọ, kí ẹnikẹ́ni má baà máa sọ pé a ò kọ nǹkan kan rí.

Ní 2023 kan náà, *Mothersound* jáde. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé Áfíríkà ló pawọ́ pọ̀ dá ayé kan sílẹ̀, wọ́n pè é ní Sauúti: pílánẹ́ẹ̀tì márùn-ún tó ń yí oòrùn méjì po. Ẹ ronú sí i. Tí òǹkọ̀wé kan bá ní oòrùn méjèèjì ń wọ̀ pọ̀, tí ẹlòmíì ní wọn kì í wọ̀ pọ̀, ayé yẹn ti dàrú nìyẹn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó, kó kà á látòkè délẹ̀, kó sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, èyí ò bá tàwọn yòókù mu o." Ẹni yẹn là ń pè ní olóòtú.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbòmíì. Ní 1937, John W. Campbell di olóòtú *Astounding* ní Amẹ́ríkà. Isaac Asimov fúnra rẹ̀ sọ pé nínú ọ̀rọ̀ tí òun àti Campbell jọ sọ ní December 1940 ni òfin mẹ́ta àwọn róbọ́ọ̀tì ti jáde, èyí tí àwọn tó ń ṣe AI ṣì ń tọ́ka sí títí dòní. Àmọ́ ọ̀bẹ ò mọ ọrùn olówó ẹ̀: Samuel Delany, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú, sọ pé Campbell kan náà kọ ìwé òun *Nova* nítorí pé aláwọ̀ dúdú ni akọni inú rẹ̀. Ẹni tó bá di kọ́kọ́rọ́ mú ló ń pinnu ẹni tó máa wọlé. Tí a ò bá ní olóòtú tiwa, ẹnu ọ̀nà ẹlẹ́nu ọ̀nà la ó máa kàn.

Àwọn ará Chengdu ò dúró de ẹnikẹ́ni

Ní 1979, àwọn kan dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ ní Chengdu, ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà. Òun ló wá di èyí tí ayé mọ̀ sí *Science Fiction World*. Èdè wọn ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ní 2006, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìtàn Liu Cixin, *The Three-Body Problem*, jáde díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìgbà tó di 2014 ni Ken Liu túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gba Hugo ní 2015. Ní 2023, Chengdu gan-an ni àpérò àgbáyé ti wáyé, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ka ìtàn Tàlàbí mọ́ àwọn tó ń du Hugo.

Àwa náà ti ṣe irú ẹ̀ rí. *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀* ti Fágúnwà jáde lédè Yorùbá ní 1938. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní 1968, ni Ṣóyínká tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Tiwa ló kọ́kọ́ jẹ́, kó tó di ti gbogbo ayé.

"Ta ló máa kà á?"

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á béèrè. Ọ̀rọ̀ owó ni ká kọ́kọ́ sọ. Iye tí ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ìtàn onísáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà kà sí owó gidi ni sẹ́ǹtì mẹ́jọ lórí ọ̀rọ̀ kan. Ìtàn tó ní 5,000 ọ̀rọ̀ á mú $400 wá. Ọmọ Bàrígà tó bá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lè rí iye yẹn gbà. Tó bá kọ ọ́ ní Yorùbá, ta ni kó fi ránṣẹ́ sí? Mi ò bá a wí rárá tó bá yan Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn míì á ní Yorùbá ò lè gbé sáyẹ́ǹsì. Èdè tó sọ tẹlifíṣọ̀n di amóhùnmáwòrán, tó sọ rédíò di asọ̀rọ̀mágbèsì? BBC Yorùbá ń kọ ìròyìn ìlera àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, àwọn èèyàn sì ń kà á lórí fóònù. Ṣebí àwọn òbí wa náà ra *Atọ́ka*, wọ́n sì ń ra *Aláròyé*. Òǹkàwé wà.

Ohun tí mo rò pé ó ṣeé ṣe rèé. Ká bẹ̀rẹ̀ kékeré: ìtàn mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ká sì tẹ ìwọ̀nba ẹ̀dà ní Ṣómólú. Ká ní ẹnì kan kọ̀tàn pé ọ̀sà ti bo Ìlàjẹ ní Bàrígà mọ́lẹ̀ lọ́dún 2090. Olóòtú á bi í pé: omi náà ga tó sẹ̀ǹtímítà mélòó? Àdúgbò wo ló kọ́kọ́ lọ? Níbo ni wọ́n ti ń rí omi mímu, nígbà tí iyọ̀ ti wọnú kànga? Tí òǹkọ̀wé ò bá mọ̀, ẹ̀ka tó ń kọ́ nípa òkun wà ní Àkọkà níbẹ̀. Kó wọ Márúwá lọ bá wọn. Nígbà tí ìtàn náà bá fi máa jáde, ọmọ tó kà á ní Ìlàjẹ á ti mọ̀ nípa omi tó wà lẹ́yìnkùlé wọn ju ohun tí kíláàsì kọ́ ọ lọ, èdè ilé wọn ló sì fi mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń tún gírámà ẹlòmíì ṣe lórí WhatsApp, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń rí ibi tí fíìmù ti parọ́ kí ẹlòmíì tó rí i, ẹ má rò pé àbùkù ni. Iṣẹ́ ni. Ẹ lọ ka *Africanfuturism*, kò gba owó lọ́wọ́ yín. Bí ẹ ṣe ń kà á, ẹ máa wo bí wọ́n ṣe tò ó, èyí tó ṣáájú àti èyí tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọ̀rẹ́ kan tó ní ìtàn Yorùbá nínú fóònù rẹ̀, kí ẹ sọ fún un pé kó fi ránṣẹ́.