Ǹjẹ́ Géèmù Lè Di Sinimá Rere?

Ọ̀ràn yìí ni àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ìlaró àti Ayétòrò ń jiyàn lé lórí, a kò sì lè ṣe aláìdá sí i.

Ẹni tí ó bá mọ ayò yóò mọ ibi tí ìṣòro wà. Ihò 12, ọmọ 48. Ọwọ́ tí ń ta á ni adùn rẹ̀ wà. (Òótọ́ ni pé òǹwòran a máa pariwo ju ọlọ́pọ́n lọ, ṣùgbọ́n òun náà mọ̀ ọ́n ta ni.) Sinimá kò fi nǹkan kan lé òǹwòran lọ́wọ́, ìtàn ni ó gbọ́dọ̀ fi dípò rẹ̀. Super Mario Bros. ti 1993 kò jọ eré tí àwọn ọmọdé mọ̀, ó sì tẹ́. Èyí tí ó bọ̀wọ̀ fún eré náà ní 2023 pa ju bílíọ̀nù dọ́là kan lọ.

Nílé wa, Ayé, eré orí ìtàgé Hubert Ògúǹdé, di sinimá ní 1979 lọ́wọ́ Ọlá Balógun. Kò pàdánù ẹ̀mí rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó ni eré wà nínú rẹ̀.

Ohun tí ó ká wa lára ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kọ sínú ìwé ní 2008 fún Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Bí àjèjì bá sọ ọ́ di géèmù, tí ó sì sọ géèmù náà di sinimá, aṣọ àti igi gbígbẹ́ nìkan ni yóò kù. Ẹ̀fẹ̀ tí ń fi orin bá oníwà búburú wí lóru kò ní sí níbẹ̀. A bẹ ẹ̀yin tí ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Pólì Ìlaró: ẹ tètè lọ jókòó ti àwọn àgbà Ẹ̀fẹ̀.