Ọjọ́ Ẹlẹ́wọ̀n Náà Ní Òṣùwọ̀n



Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, ìyá kan tí ń ta èlùbọ́ ní Tákíé tọ̀ mí wá. Ó ní, "Àáfà, ọdún mẹ́fà ni adájọ́ dá fún ọmọ mi. Ó ti lo ọdún mẹ́ta látìmọ́lé kí ẹjọ́ tó parí. Wọ́n sì ní oṣù mẹ́jọ ni ọdún ẹ̀wọ̀n. Ẹ dákun, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀, ìgbà wo ni yóò délé?"

Mo ní, "Ìyá, oṣù méjìlá náà ni ọdún ẹ̀wọ̀n." Òfin ló fi àyè sílẹ̀ pé ẹlẹ́wọ̀n tí ó níwà, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, lè rí ìdá kan nínú mẹ́ta yọ kúrò. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti mú oṣù mẹ́jọ jáde. Bí ọmọ náà bá rí i yọ, mẹ́fà di mẹ́rin. Bí wọ́n bá ka ọdún mẹ́ta àtìmọ́lé mọ́ ọn, ó ku ọdún kan. Bí wọn kò bá kà á, ó ku mẹ́rin gbáko! Ìlà kan péré nínú ìwé ìdájọ́ ni ó di ọdún mẹ́ta náà mú.

Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 sọ pé kí adájọ́ ka àkókò àtìmọ́lé mọ́ ìdájọ́. Òfin ìpìlẹ̀ Gánà ti 1992 náà ní kí wọ́n rò ó, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn sì tún fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2009, nínú ẹjọ́ tí ẹlẹ́wọ̀n kan gbé wá.

Òfin 2015 yìí kan náà ní, ẹni tí wọ́n dá ọdún 15 sókè tàbí ẹ̀wọ̀n gbére fún, bí ó bá ti lo ìdá kan nínú mẹ́ta, tí ìwà rẹ̀ sì dára, ilé ẹjọ́ lè dá ìyókù dúró. Ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀wọ̀n gbére! Ta ni ó lè ṣírò rẹ̀, bí kò ṣe Ọlọ́run tí ó mọ ọjọ́ ikú? Lẹ́yìn náà, ọ̀gá àgbà àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni yóò kọ́kọ́ jábọ̀ fún ilé ẹjọ́. Bí ó bá gbàgbé ńkọ́? Ẹ rántí Ànábì Yúsúfù. Ẹni tí ó bẹ̀ pé kí ó dárúkọ òun fún ọba gbàgbé rẹ̀, ó sì tún lo ọdún mélòó kan sí i lẹ́wọ̀n.

Nígbà tí àwọn ọlọ́ṣà fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Abọ́lọ́ńgò ní Ọ̀yọ́ ní October 2021, àwọn aláṣẹ sọ pé ènìyàn 907 ni ó wà níbẹ̀. 64 péré ni wọ́n ti dá ẹjọ́ fún. Àwọn yòókù ńkọ́, ta ni ń ka ọjọ́ wọn?

Mo mọ̀ pé ẹni tí olè kó ní ṣọ́ọ̀bù yóò ní, "Àáfà, kí wọ́n jẹ́ kó jẹrà síbẹ̀." N kò bẹ̀bẹ̀ fún olè. Iye tí òfin dá ni kí ó ṣe, kí ó má dín, kí ó má lé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Súrátù Al-Mutaffifin mọ ìkìlọ̀ Ọlọ́run fún àwọn adínwọ̀n. Kóńgò èlùbọ́ nìkan kọ́ ni ìkìlọ̀ náà bá wí.

Nítorí náà, kí adájọ́ kọ ọjọ́ tí kíkà bẹ̀rẹ̀ sínú ìwé. Kí aláṣẹ ẹ̀wọ̀n má ṣe dúró de ẹni tí yóò rán an létí. Àwa ìjọ náà, ìrẹsì tí à ń gbé lọ fún wọn nígbà ààwẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á yọ díẹ̀ nínú sàráà fún owó lọ́yà. Kí ẹni tí wọ́n mú ọmọ rẹ̀ sì tọ́jú ìwé ọjọ́ tí wọ́n mú un.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí á rí ẹ̀wọ̀n, kí Ó sì jẹ́ kí òṣùwọ̀n wa pé lọ́dọ̀ Rẹ̀. Àmín.