Ẹrù Tí Aṣọ́bodè Kì Í Rí

Ẹni tó bá sá fún ogun kì í sábà rí owó òwò gbé dání. Sierra Leone ni Jestina Clayton ti wá, níbi tí ogun abẹ́lé ti jà láti 1991 títí di 2002. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tó dé Amẹ́ríkà. Ohun tó bá a wọ̀lú, tí aṣọ́bodè kankan kò lè tú wò, ni irun dídì tó ti mọ̀ láti kékeré.

Àwa tí wọ́n di ṣùkú àti pàtẹ́wọ́ lórí ilé wa mọ iyì iṣẹ́ yìí. Kí ọmọbìnrin tó lè ya irun kó gún, kó dì í kó má tú, ó ti pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá, ẹ̀gbọ́n àti aládùúgbò tó ń wo ọwọ́ wọn. Ọdún tó fi wò ó yẹn, owó ni.

Ìpínlẹ̀ Utah ni Jestina wá fìdí kalẹ̀ sí. Òyìnbó ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì gba ọmọ adúláwọ̀ tọ́, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ohun tí wọn yóò fi irun wọn ṣe. Jestina rí i pé oníbàárà wà, onídìrí ni kò sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dirí nílé, níbi tó ti lè máa mójú tó ọmọ tirẹ̀.

Ẹnì kan rí ìpolówó rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó kọ̀wé sí i pé kó yọ ọ́ kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Òfin ìpínlẹ̀ náà nígbà yẹn ni pé ẹni tó bá fẹ́ gbowó lórí irun gbọ́dọ̀ níwèé àṣẹ, kó sì tó rí i gbà, wákàtí 2,000 ni yóò fi lọ sílé ẹ̀kọ́ aṣerunlóge. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bó bá ń lo wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 50 ni. Yóò san ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, owó tí ì bá fi ọdún náà pa kò sì ní wọlé. Ta ni yóò gbọ́ bùkátà ọmọ rẹ̀? Irun gígé, aró irun, kẹ́míkà àti àwọn nǹkan mìíràn tí kò kan òwò rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Irun dídì bíi tiwa kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú rẹ̀.

Ìrẹ́jẹ ni mo pe èyí. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tó ti wà nídìí iṣẹ́ ló máa ń pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ tó ń fúnni níwèé àṣẹ. Ẹni tó ti wọlé tán ló ń pinnu bí ìlẹ̀kùn yóò ṣe fún tó.

Jestina kò gbà. Àwọn agbẹjọ́rò Institute for Justice dúró tì í, wọ́n pe ìpínlẹ̀ náà lẹ́jọ́ ní 2011. Ní oṣù kẹjọ 2012, Adájọ́ David Sam dá a láre: ohun tí ìpínlẹ̀ ń béèrè kò bá iṣẹ́ tó ń ṣe tan, ó sì lòdì sí òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

N kò sọ pé kí ìjọba káwọ́ gbera. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń na irun lè bó awọ orí, ó sì yẹ kí ẹni tó ń lò ó kọ́ ọ. Irun tí wọ́n dì le jù náà lè fa irun iwájú orí tu. Ẹ kọ́ onídìrí ní èyí, ẹ kọ́ ọ ní fífọ òòyà, kò gba ọdún kan. Ohun tó bá dáàbò bo oníbàárà ni kí òfin béèrè.

Ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́ onídìrí nílé ńkọ́, àti ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀? Bí obìnrin kan bá ti Kútọnu tàbí Lomé wá gbé àga rẹ̀ kalẹ̀ ní Àgbádárìgì, ẹ má ṣe fi owó ẹgbẹ́ àti owó ìwé lé e padà. Ẹ jẹ́ kó dirí, kó jẹun ná, kí ẹ tó na ọwọ́ sí i.