Ikọ̀ Tí Ọ̀gá Rẹ̀ Kò Sọ Òótọ́ Fún

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó rán ni bá di irọ́ mọ́ ẹrù fún ni ńkọ́? Mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwa akẹ́kọ̀ọ́ pé iṣẹ́ aṣojú ìjọba kò ju kí á mọ irọ́ pa lọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Anatoly Dobrynin ni ẹlẹ́rìí mi.

Ọdún 1919 ni wọ́n bí i ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ló kọ́. Ní 1944 ni wọ́n ní kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ ikọ̀. Ní 1962 ó di aṣojú Sófíẹ́ẹ̀tì ní Washington, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1986. Ààrẹ mẹ́fà ló bá lò, láti orí Kennedy dé orí Reagan.

Ọdún tó débẹ̀ gan-an ni ìjọba rẹ̀ ń kó ohun ìjà átọ́míìkì pamọ́ sí Kúbà. Wọn kò sọ fún un. Ó ń fi gbogbo ẹnu sọ fún àwọn ará Amẹ́ríkà pé kò sí irú rẹ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá, òun àti Gromyko ọ̀gá rẹ̀ jọ lọ sọ́dọ̀ Kennedy. Síbẹ̀ ọ̀gá kò tú àṣírí náà fún un. Ní ọjọ́ 22, ẹnu Dean Rusk, mínísítà ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà, ló ti gbọ́ ọ. Ẹ ro ìtìjú náà wò! Lọ́jọ́ kejì, Robert Kennedy, àbúrò ààrẹ, fi ìbínú wá bá a. Èsì rẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n sọ fún òun ni òun sọ.

Síbẹ̀, ní ọjọ́ 27, nígbà tí ogun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́, Dobrynin yìí kan náà ni Robert Kennedy ránṣẹ́ pè. Bí Sófíẹ́ẹ̀tì bá kó ohun ìjà wọn kúrò, Amẹ́ríkà kò ní gbógun ti Kúbà. Wọn yóò sì kó tiwọn kúrò ní Tọ́kì, ṣùgbọ́n kí ó má hàn síta. Dobrynin kò bù mọ́ ọn, kò bù kúrò níbẹ̀. Bó ti gbọ́ ọ ló kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Moscow. Lọ́jọ́ kejì, Khrushchev gbà. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹrin 1963, ohun ìjà Amẹ́ríkà ti kúrò ní Tọ́kì.

Ẹlòmíràn lè wí pé ìjọba tó wọ Prague ní 1968, tó sì wọ Afghanistan ní 1979, ni ọkùnrin yìí sìn. Òótọ́ ni. Òun gan-an ló jẹ́ iṣẹ́ ti Prague fún Ààrẹ Johnson. N kò yin gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Bí ó ṣe ń jẹ́ iṣẹ́ ni mo ń yìn. Irọ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ da ayé rú ní 1962; ẹnu tó ṣeé gbà gbọ́ wà lára ohun tó yọ ayé nínú ewu.

Dobrynin kú ní 2010. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kọ́ èdè àti ètò ìṣèlú, bí ẹ bá di ikọ̀ lọ́la, ẹ ṣọ́ ẹnu yín. Ẹ̀yin tí ẹ ó sì di ọ̀gá, ẹ rántí pé ọba tó bá purọ́ fún ikọ̀ rẹ̀, ẹnu ara rẹ̀ ló ń bà jẹ́.