Taya tòkunbọ̀: ẹ wo nọ́ńbà kẹ́ ẹ tó sanwó o!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi Honda Prelude onílẹ̀kùn méjì àtijọ́ ṣe fàájì l'Òkè-Ìlá, l'Adó-Èkìtì, ọ̀rọ̀ yín rèé o. Látìgbà tí Michelin ti kógbá sílé ní Port Harcourt lọ́dún 2007, tí Dunlop náà ṣíwọ́ taya ṣíṣe n'Ìkẹjà lọ́dún 2008, taya òkè òkun lẹni tó ń wá taya ń bá pàdé.

Ẹ má jẹ́ kí tòkunbọ̀ tó ń dán tàn yín jẹ. Àwọn mìíràn ń fi nǹkan dúdú pa á lára ni. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ DOT ni kẹ́ ẹ wò: 2312 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2012. Mọ́tò asáré tí kì í jáde ju ọjọ́ Sunday lọ, taya ẹ̀ á gbó kí ojú ẹ̀ tó jẹ. Ẹ wo lẹ́tà eré náà: H ò gbọdọ̀ kọjá 210 kìlómítà ní wákàtí, V dé 240.

Taya tó bá bẹ́ lọ́nà Àkúrẹ́ kì í bèèrè iye tẹ́ ẹ rà á. Ẹ̀mí ò láàrọ̀ o.