Mílíìkì Kò Lè Fọ Aró Kúrò Nínú Àpò Ìtọ̀

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan tí a mọ̀, agolo mílíìkì kan ni wọ́n ń fún ẹni tó bá ń po aró lójúmọ́. Wọ́n ní yóò fọ oró kúrò nínú. Irọ́ ni. Imú ni a fi ń fa lẹ́búlẹ́bú aró, awọ ara náà sì ń mu ún. Mílíìkì inú ikùn kò dé ẹ̀dọ̀fóró.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1856 ni William Perkin, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, rí aró tí a ṣe láti inú ọ̀dà èédú. Nígbà tó di 1895, dókítà Ludwig Rehn ní Frankfurt, ní Jámánì, kéde pé jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ ń mú àwọn tó ń ṣe aró. A wá mọ̀ pé benzidine wà lára ohun tó ń fà á. Ọdún 1967 ni Gẹ̀ẹ́sì tó fòfin dè é. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún 72! Àwọn tó kú láàárín ìgbà náà kì í ṣe ọmọ máníjà.

Kì í ṣe gbogbo aró ló rí bẹ́ẹ̀ o. Òmíràn, ikọ́ fée ló ń fà. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí a fi benzidine ṣe, tí ara ń tú wọn padà sí benzidine. Ó sì lè tó 20 ọdún kí àìsàn náà tó yọjú. Nígbà náà ẹni náà ti fẹ̀yìn tì, wọ́n á ní sìgá ló mu. Lóòótọ́ sìgá náà ń fà á, ṣùgbọ́n ṣé sìgá ló ní ká máa po aró láìsí ìbòmú?

Òfin Ilé Iṣẹ́ ti 1987 sọ pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ pèsè aṣọ ìdáàbòbò, kí ó sì wá ọ̀nà tí eruku olóró yóò fi jáde. Ìbòmú, ìbọ̀wọ́ àti fáànù tó ń fa eruku ni ká béèrè. Ẹ má gba owó dípò wọn. Òfin owó ìtanràn òṣìṣẹ́ ti 2010 ka àìsàn tí iṣẹ́ fà mọ́ ọn; ọjọ́ 14 ni ẹ ní láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí.

Ẹ̀yin awakọ̀ náà, ẹ má jókòó lórí àpò aró tó ti ya. Ẹ má sì gbé dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ sílé fún omi mímu.

Ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀, bí kò tilẹ̀ dùn ún, kó lọ rí dókítà, kó sì sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ da orúkọ tó wà lára àpò aró kọ, kí ẹ fún aṣojú ẹ̀ka yín ṣáájú ìpàdé wa pẹ̀lú àwọn ọ̀gá.