Ọ̀rọ̀ Oògùn Ara Yíyún: Ẹ Fi Yorùbá Là Á Yé Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó ń dun ni níí pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ àìsàn kan tí Òyìnbó ń pè ní eczema ni mo fẹ́ bá yín sọ. Àbúrò mi obìnrin ti ń bá a fà á nílé wa ní Ọ̀yọ́ láti kékeré. Bí ọyẹ́ bá ti dé, ara rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, a họ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi yọ. Kò ní sùn, ìyá wa náà kò ní sùn. Lára èèyàn dúdú, àìsàn yìí kì í sábà pọ́n bí ó ti í pọ́n lára Òyìnbó. Ńṣe ni ojú ibẹ̀ máa ń dúdú sí i, tí yóò sì yi. Àwọn kan ní èpè ni. Àwọn mìíràn ní ọmọ náà kì í wẹ̀ dáadáa.

Irọ́ gbáà ni. Olúkúlùkù ni ó ní ọmọ ogun nínú ara tí ń bá kòkòrò àrùn jà. Lára ẹni tí eczema bá ń bá fínra gidigidi, awọ ara kò dí bí ó ti yẹ, àwọn ọmọ ogun náà a sì kọjú ìjà sí ilé tí wọ́n ń ṣọ́. Òrí àti ìpara tí dókítà bá fún ni a máa ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Bí wọn kò bá ràn án, ó di oògùn tí yóò bá àwọn ọmọ ogun náà wí láti inú.

Ní 2017, ìjọba Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí abẹ́rẹ́ dupilumab fún àwọn àgbàlagbà. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń gún un. Kì í na gbogbo ọmọ ogun ara. Ìránṣẹ́ méjì tí ń gbé ọ̀rọ̀ ìjà kiri, interleukin-4 àti interleukin-13, ni ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́. Ara a máa lo àwọn ìránṣẹ́ yìí láti bá aràn inú jà, nítorí náà ẹni tí ó ní aràn ní láti kọ́kọ́ wo aràn. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 37,000 dọ́là lọ́dún ni iye tí wọ́n dá lé e nígbà tí ó jáde. Ta ni yóò rí i san ní Ọjà Akẹ̀sán?

Síbẹ̀, èmi kò gbà pé kò sí ìrètí fún mẹ̀kúnnù. Methotrexate ti wà tipẹ́, kò sì wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe fún ọmọ 103 ní Bìrìtìkó àti Ireland, tí ó jáde ní 2023, fi hàn pé ciclosporin tètè ṣiṣẹ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ìtura ti methotrexate pẹ́ jù lẹ́yìn tí wọ́n dá oògùn dúró. Ewu rẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni a ń lò ó. Ẹni tí ó bá ṣì í lò lójoojúmọ́ lè kú. Ó ti pa èèyàn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ wò.

Ibi tí bàtà ti ta wá lẹ́sẹ̀ nìyí. Ní ilé ìwòsàn kan, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣàlàyé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sára páálí oògùn. Nígbà tí mo wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé ilé, àbúrò mi ti lò ó ní ọjọ́ méjì tẹ̀ léra. Ìyá wa ní, “Ọmọ mi, ṣebí àràárọ̀ ni wọ́n ń lo oògùn?” A sáré padà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ọlọ́run ṣàánú, kò tíì bàjẹ́. Ṣé ẹ̀bi ìyá wa ni?

Àwọn kan yóò ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún irú ìmọ̀ yìí. Ọmọ ogun, ìránṣẹ́ àti ilẹ̀kùn ni mo fi sọ tèmi, ó sì yé yín. Àwọn ọ̀mọ̀wé wa ti rí orúkọ fún fóníìmù àti mófíìmù. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Ilé ìwòsàn ńlá méjì tí ń kọ́ àwọn dókítà ni ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́: ti Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá, àti ti Bowen, tí àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ ní 1907. Kí ẹgbẹ́ wa tọ̀ wọ́n lọ, kí a jọ kọ ìwé olójú ewé kan ní Yorùbá fún irú oògùn báyìí. Kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé: ỌJỌ́ AJÉ NÌKAN. Òfin ìbánigbófò ìlera ti 2022 ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a béèrè pé kí owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Oògùn tí kò bá yé ẹni tí yóò lò ó, májèlé ni. Iṣẹ́ yá, ẹ̀yin ọmọ Oòduà.